Ọ̀nà Ọjọ́ Méjìlélógójì

Ẹni tó bá ti rí Jẹ́jẹ́ níbi tó ti fẹ́ sọdá títì kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò tún wo ọ̀tún, títì yóò dá pátápátá, òun kò sì ní í kúrò lójú kan. Àwọn tí kò tíì jáde nílé nígbà tó dúró síbẹ̀ yóò dé, wọn yóò sọdá, wọn yóò ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà, wọn yóò padà wá bá a níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Kò fẹ́ràn ibi tí kò bá lè rí ìparí rẹ̀. Bó bá wọ ilé ẹni tí kò mọ̀, ìdí ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Ìwé tó kà kò ju kíláàsì mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má tó o.

Iṣẹ́ báàgì ló ń ṣe, ní yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀. Báàgì àwọn ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀: èyí tí síìpù rẹ̀ kọ̀, èyí tí okùn rẹ̀ já, èyí tí ìdí rẹ̀ lu nítorí pé ọmọ ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń rán ojú kan náà, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Aṣọ báàgì lè gbó tán, okùn tí Jẹ́jẹ́ rán kò ní já. Màmá rẹ̀ máa ń jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú ń dùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń kán oògùn sí i fún un. Ojú ló ń dùn ún o, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí oníbàárà bá bi Jẹ́jẹ́ pé ọjọ́ wo ni kí òun padà wá, Màmá ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó jí dáadáa, Màmá náà ni yóò dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí Jẹ́jẹ́ wà lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọkùnrin kan tó ń ta ìwé láti ìlú dé ìlú wá, ó ní òun fẹ́ fi í ṣe aya. Màmá ní ọmọ òun kò lè fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó dúró díẹ̀, bóyá yóò sọ nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Ọdún kejìdínlógún rèé, Jẹ́jẹ́ kò sì tíì mọ ohun tí òun ì bá sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àwòrán tó gé nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Olóṣùwọ̀n ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé òun ló ń bá wọn tún òṣùwọ̀n ṣe: èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìṣó, títí dé èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé lókè òkun. Báàgì ńlá kan ló wà nínú àwòrán náà, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní bẹ́líìtì tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí. Ó ní irú rẹ̀ ni òun fẹ́. Ó ní ẹ̀yìn òun gùn, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í bá òun mu.

Màmá bi í pé kí ló fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ó ní ilé ni. Àgọ́, ibi ìsùn, ìkòkò kékeré, oúnjẹ. Ó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti etí adágún omi, tó gba orí àwọn òkè àti inú igbó títí ó fi dé etí òkun, ẹgbẹ̀ta kìlómítà ó lé ogún, òun sì fẹ́ fi ọjọ́ méjìlélógójì rìn ín.

Màmá ro ó díẹ̀. "Ṣé mọ́tò ò dé ibẹ̀ ni?"

"Mọ́tò ń dé ibẹ̀, Màmá."

"Àbí wọ́n ń lé yín?"

"Rárá o, mà. Kò sẹ́ni tó ń lé mi."

Màmá kò tún bi í ní nǹkan kan. Ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé bí ẹni pé wọ́n ti sọ ohun tí kò dára fún ọmọdé láti gbọ́.

Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà wá kọjú sí. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, tí òun ń dojú bolẹ̀ sábẹ́ káńtà, tí òun ń dìde, tí òun ń lọ sí òmíràn. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, bí òun bá délé, òun máa ń tẹ́ máàpù ọ̀nà yẹn sórí tábìlì, òun á máa fi ìka rìn ín. Ó ní ìka òun ti rìn ín débi pé ìwé ti ń bó níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé síkírúù kan ti yẹ̀ lára òṣùwọ̀n ló ṣe sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ wò ó, ó tún wo ilẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wíwọ̀n dé. Báàgì ilé ìwé kì í fẹ́ kí wọ́n wọn ẹnikẹ́ni, ọmọ kékeré tàbí ọmọ ńlá ni. Ṣùgbọ́n irú báàgì yìí, ẹni tó bá fẹ́ rán an gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wá eegun ọrùn tó yọ gọngọ, kó na tépù wálẹ̀ láàárín ẹ̀yìn, kó fi ọwọ́ kejì wá orí eegun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn padà, ó dúró gbagidi. Jẹ́jẹ́ na ọwọ́. Ó rí i pé Màmá ti kúrò lójú fèrèsé, ojú tó ń dùn ún yẹn ti là rekete. Tépù náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi kan aṣọ ọkùnrin náà fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ó ní òun ti rí i.

Kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ṣáà ti rí i pé orí àwọn méjèèjì ṣe déédéé. Ohun tó bá bá òun mu, yóò bá a mu. Ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kọ "Olóṣùwọ̀n" síwájú rẹ̀.

Oṣù méjì ni iṣẹ́ náà gbà, kì í ṣe pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ọkùnrin náà ń yà, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré kan lápò, láti wá wo ibi tí àpò kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ó ń wọn gbogbo nǹkan. Ó wọn ṣíbí, ó wọn ọṣẹ. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wá, ó gé ọwọ́ rẹ̀ dànù níwájú wọn, ó tún un wọ̀n, inú rẹ̀ sì dùn. Màmá ní bó bá ń bá a lọ báyìí, yóò gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Ọkùnrin náà ní òun ti rò ó, mà, ṣùgbọ́n òun á nílò wọn. Ọjọ́ yẹn ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sókè níwájú rẹ̀, ó sì bo ẹnu rẹ̀ kíá.

Bó ṣe ń rán ni ọkùnrin náà ń ròyìn ọ̀nà. Ọjọ́ kìn-ín-ní, etí adágún ni èèyàn yóò máa tọ̀. Ọjọ́ kẹta, òkè àkọ́kọ́. Ọjọ́ kọkànlá, afárá olókùn kan tó máa ń mì. Ọjọ́ ogún, ibi tí kò sí ilé kankan fún ìrìn ọjọ́ méjì. Jẹ́jẹ́ kì í bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju pé: ṣé omi wà níbẹ̀, ṣé ajá wà níbẹ̀, èèyàn á ṣe mọ̀ pé òun ò tíì ṣìnà. Ọkùnrin náà máa ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní wọ́n kun òkúta lọ́dà funfun lọ́nà, bí èèyàn bá ti rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò rí òkúta funfun, kó padà síbi èyí tó rí gbẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́ rò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè padà. Ó rò pé ẹni tó bá ti ṣìnà ti ṣìnà nìyẹn.

Bó bá di ọ̀sán tí Màmá ń sùn, ó máa ń mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, á fi fa ìlà gígùn sórí tábìlì: adágún níbí, òkun lọ́hùn-ún. Ó ń ka ọjọ́ lé e lórí. Nígbà tó bá gbọ́ tí Màmá yí ara padà, á fi apá nu ún.

Báàgì náà parí. Olóṣùwọ̀n gbé e kọ́ orí òṣùwọ̀n lófìfo, ó wo nọ́ńbà, ó tún un wò.

"Ṣé kò dáa ni?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ó dáa. Kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ ni."

"Ṣé ó pọ̀ jù?"

"Ó lè gbé ọkọ̀ ojú omi ró," ó ní. "Ọkọ̀ ojú omi ni mi ò ní gbé."

Ó dun Jẹ́jẹ́. Tapólì onípele méjì ló lò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán ibi tí okùn èjìká ti bẹ̀rẹ̀, ó fi awọ sí ìdí rẹ̀. Kó má baà já ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun mọ̀. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń gbé nǹkan lọ́jọ́ méjìlélógójì, gbogbo "kó má baà" tó bá kó sẹ́yìn, òun náà ni yóò gbé e. Jẹ́jẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan tú òwú ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣòro jù fún un láyé nìyẹn, kó fi abẹ́ tú ohun tó rán dáadáa. Ó dín kù sí kílò méjì.

Wọ́n wá bu yanrìn sínú rẹ̀ kí ọkùnrin náà fi dán an wò. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó di bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì tó yẹ kó wà ní ìbàdí gun orí ikùn rẹ̀, ó fún un mọ́ egungun ìhà. Ó fa okùn èjìká gùn, báàgì já sílẹ̀ ní èjìká rẹ̀. Ó fà á kúrú, ó fún un lábíyá. Ó rìn yí yàrá ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó pọn ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ náà sì ń tàpá. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń wọn nǹkan jẹun fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí wọn ṣe déédéé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára ọkùnrin náà, ẹ̀yìn ló gùn, lára Jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ni.

"Ẹ̀yìn ta lẹ wọ̀n?" ó bi í.

Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀.

Ọkùnrin náà bọ́ báàgì náà, ó gbé e sókè dání. Kò bínú. Ó ní kó yí ẹ̀yìn padà. Jẹ́jẹ́ kò mọ̀ bó ṣe ṣe é tó fi yí i. Okùn èjìká jókòó síbi tó yẹ, bẹ́líìtì bọ́ sórí eegun ìbàdí rẹ̀, ẹrù yanrìn náà, kílò mẹ́wàá, dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń gbé e. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó rìn dé ibi ilẹ̀kùn, ó sì padà.

"Báàgì yìí ti rí olówó ẹ̀," Olóṣùwọ̀n ní. Ó fi ọwọ́ pa orí. "Èmi á ní kí o rán òmíràn fún mi. Ṣé o máa bá mi lọ?"

Láti oṣù méjì, "ẹ" ni ó ti ń pè é. "O" yìí ló kọ́kọ́ bọ́ sí Jẹ́jẹ́ létí, kó tó gbọ́ èyí tó kù. Kí ó tó ya ẹnu, ohùn ti jáde láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Màmá ní ọmọ òun kò lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ náà gba àdúgbò. Alágbàfọ̀ tó wà ní iwájú ilé wọn bi Jẹ́jẹ́ bóyá òótọ́ ni pé ó fẹ́ lọ sọ́jà òkun lọ ra iyọ̀. Àwọn kan ní ọkùnrin tó bá fẹ́ obìnrin máa ń mú un lọ síbi tí àga wà. Jẹ́jẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó gbé báàgì yanrìn náà kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀ kùtù, ó lọ sí pápá ilé ìwé, ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó rí gbogbo pápá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí nìyẹn tí kò fi bà á lẹ́rù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yí i ká lẹ́ẹ̀márùndínlógún. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìrìn náà ló wu òun ni àbí ọkùnrin náà, àbí ó kàn wu òun kí ẹnì kan máa bi òun ní nǹkan, kó sì dúró gba èsì. Kò rí ìdáhùn. Ẹsẹ̀ ṣáà ń le sí i.

Olóṣùwọ̀n ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Òun ló wá bá Màmá. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ ọ́, ó ní àbúrò òun rán òun, àbúrò òun kò mọ̀ ọ́n sọ, ìdí tí òun fi wá nìyẹn.

Màmá ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni yóò wá lọ máa bá ọkùnrin sùn nínú àgọ́ kiri. Kí ni wọn yóò máa pè é tó bá dé?

"Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣègbéyàwó, kí wọ́n tó lọ," agbẹ̀bí ní. "Wọn á máa pè é níyàwó."

Màmá ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Agbẹ̀bí ní òun ti gbẹ̀bí fún ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta rí, ibẹ̀ ni obìnrin náà sì ti ń bú òun, agbára rẹ̀ pé. Màmá ní ejò wà lọ́nà. Agbẹ̀bí ní ejò wà níbi gbogbo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Màmá á gbé kiní kan wá, obìnrin yẹn á gbé e sápá kan, bí ẹni tó ń tún ilé ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó tán, Màmá na ìka sí Jẹ́jẹ́, tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ wò ó. Títì ni kò lè sọdá. Kò lè lọ. Ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ni yóò pa á."

Agbẹ̀bí yí ojú sí Jẹ́jẹ́. Ó dúró dè é dáadáa. Òótọ́ ni Màmá sọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń lọ ló ń lọ, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí dìde, ó ní òun á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Olóṣùwọ̀n kò yà. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò yà. Oṣù méjì péré ló kù kí àsìkò ìrìn náà dé, àsìkò tí òjò tó máa ń ba ọ̀nà jẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé yóò lọ. Yóò ra báàgì ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní bá a mu, yóò sì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti òde dé, ó bá Màmá tó gbé orí sẹ́yìn, ìgò oògùn ojú lọ́wọ́. Màmá ń gbìyànjú láti kán an fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sí iwájú orí, èkejì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń ṣàn lọ sí ọrùn. Màmá kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Ó tún gbé e sókè, ó tún kán an síta. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo ọ̀rọ̀ ejò àti ọ̀rọ̀ àgọ́ bí wọ́n ṣe jẹ́ gan-an. Ó wọlé, ó gba ìgò náà, ó kán an fún un. Màmá ní òun kàn ń dán an wò ni. Ó wá fi kún un pé, "Ọjọ́ méjìlélógójì gùn."

"Ó gùn, Màmá," Jẹ́jẹ́ ní.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú kejì lórí fóònù. Ó bi í bóyá ó lè wá bá Màmá gbé. Ìyẹn ní òun lè gba àyè níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Jẹ́jẹ́ dúpẹ́. Kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ bàtà, ó jáde, ó sọdá títì mẹ́ta láti wá Olóṣùwọ̀n. Èyí kejì pẹ́ ẹ díẹ̀.

Ilé ìtajà ìrẹsì ló ti bá a, ó dojú bolẹ̀ sábẹ́ òṣùwọ̀n ńlá kan tí wọ́n fi ń wọn àpò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ẹsẹ̀ náà ni Jẹ́jẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bóyá tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ni, kò ní lè sọ ọ́ tán.

"Ẹ jẹ́ ká pín in," ó ní. "Ọjọ́ méje lọ́dún yìí. Ọjọ́ méje lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà ni, a ó débẹ̀. Mo lè ṣe ìyẹn. Mi ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohùn irin dákẹ́ lábẹ́ òṣùwọ̀n. Ọkùnrin náà jáde, ekuru wà ní irun rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọjọ́ méjìlélógójì. Ó ní ohun tó wu òun nínú rẹ̀ ni pé kí òun bẹ̀rẹ̀, kí òun máa lọ, kí òun má padà títí òun yóò fi rí òkun. Kí òun ṣe nǹkan kan ní àṣetán láyé òun. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní òun á rò ó. Jẹ́jẹ́ sọdá títì mẹ́ta padà sílé, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí ó rí i lójú rẹ̀ pé òun ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà, àti pé kò sí ẹ̀tọ́ tí òun fi gbà á.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Ní ọjọ́ kẹwàá, Olóṣùwọ̀n àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Agbẹ̀bí jókòó, ọkùnrin náà kò jókòó. Ó ní òun wá béèrè bóyá Jẹ́jẹ́ yóò fẹ́ òun, kí àwọn sì máa rìn ín díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ mi—" Màmá bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, èmi ni wọ́n bi."

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n Màmá dákẹ́, ó ń wò ó bí ẹni tó gbọ́ tí àga sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn dúró, Jẹ́jẹ́ sì rí i pé wọn yóò dúró títí òun yóò fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò bá òun sọ ọ́.

"Mo fẹ́," ó ní. "Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó bi Olóṣùwọ̀n bóyá ó mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá fi máa dé òkun yìí, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún. Ó ní òun mọ̀, mà, òun ti ṣírò rẹ̀. Màmá ní bí ó bá rẹ̀ wọ́n lọ́dún kẹta ńkọ́?

"A máa jókòó," ó ní.

Agbẹ̀bí ní ó tán, ẹ bá àwọn wá omi mu.

Wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó lọ́jọ́ Ẹtì kan, èèyàn mẹ́jọ. Kó tó di ìgbà náà, Jẹ́jẹ́ ti rán báàgì kejì. Lọ́jọ́ tó fẹ́ wọn ọkùnrin náà, Màmá dìde fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo nǹkan kan ní kíṣíìnì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Eegun ọrùn ọkùnrin náà gbóná lábẹ́ ìka Jẹ́jẹ́. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà kò sì bi í pé kí ló dé.

Òjò pa wọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní ìrìn náà, létí adágún. Ní ọjọ́ kẹta, lórí òkè, ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ lé ròrò, ó jókòó sórí òkúta funfun kan, ó ní òun ò lọ mọ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ mú abẹ́rẹ́ àti òwú jáde, ó tú omi inú ròrò náà, ó fi aṣọ dì í, ó dìde. Ní ọjọ́ karùn-ún, fóònù rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì díẹ̀, Màmá ní ọwọ́ ìyàwó tó wá bá òun gbé yìí dúró dáadáa tó bá ń kán oògùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì máa ń dáhùn kí òun tó dáhùn. Ní ọjọ́ kẹfà, ajá kan gbó mọ́ wọn. Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ títí ó fi sú ajá náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà ti pàdé títì, níbi tí bọ́ọ̀sì yóò ti gbé wọn padà. Ó kù ìṣẹ́jú ogún kí ó dé. Lódì kejì títì, ọ̀nà náà tún bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín koríko gíga lọ, ó sì ṣẹ́ kọ́nà lẹ́yìn àpáta kan, èèyàn kò rí i mọ́. Olóṣùwọ̀n gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ibẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń wo òun náà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ẹ̀rù ìṣẹ́jú ogún yìí ti ń bà á. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà lè máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan, oúnjẹ ṣì wà nínú báàgì.

"Ṣé ó ń wù yín?" ó bi í.

"Ó ń wù mí."

"Ṣé ẹ máa lọ?"

Ó mi orí. "Ọdún tó ń bọ̀," ó ní. Ó tún wo kọ́nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá yí ẹ̀yìn sí i pátápátá, ó dojú kọ ibi tí bọ́ọ̀sì yóò ti yọ. Jẹ́jẹ́ rí ohun tí yíyí yẹn ná an.

Ó dìde. Kò gbé báàgì. Ó wo títì lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó sọdá. Ọkọ rẹ̀ pè é, ó bi í pé níbo. Kò dáhùn. Ó wọ àárín koríko náà, ó dé ibi àpáta, ó yà á, ọkọ rẹ̀ kò sì rí i mọ́.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti yọ lókè, èèyàn ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó tó jáde padà láti ẹ̀yìn àpáta, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, koríko lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó gbé nǹkan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Olóṣùwọ̀n ti dìde dúró. Ó ti gbé báàgì méjèèjì dání.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ó bi í.

Jẹ́jẹ́ gba báàgì tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó di bẹ́líìtì.

"Ẹ máa rí i lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní.